Ìtàn tí mo gbà lọ́wọ́ Bàbá Àlàbí

Ọjọ́ Àìkú kan wà ní Koumassi, lókè òkun níbi tí àwa ọmọ ìlú wa ti máa ń ṣèpàdé, tí n kò lè gbàgbé, nítorí ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo ti kọ̀wé nípa ìlú wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ ohun tó mọ̀ kí gbogbo ayé kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí fáàrí, mo kọ ọ́ pé bàbá ńlá mi ló kọ́ ilé-ìwé àkọ́kọ́ nílùú wa. Irọ́ ni. Bàbá tó bí Bàbá Àlàbí ni. Gbogbo ìpàdé ọmọ ìlú ni bàbá yìí máa ń sọ bí bàbá òun ṣe fẹsẹ̀ po amọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, akọ̀wé ìpàdé gbé fóònù sókè, ó sì ka ohun tí mo kọ sétí gbogbo wa. Bàbá Àlàbí dìde.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?"

"C'est écrit, bàbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Òun ni mò ń kà yìí."

Bàbá ṣí fìlà. "Ẹ forí jì mí. Bóyá èmi ni ọ̀rọ̀ bàbá mi ò yé."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ bàbá mi ti ń gbá mi léjìká tayọ̀tayọ̀. Bàtà mi nìkan ni mò ń wò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti pa irọ́ náà rẹ́, mo kọ òótọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá Àlàbí kì í ka fóònù. Títí dòní, tí àwọn ọmọdé bá ní kó sọ ìtàn ilé-ìwé yẹn, á ní, "Ẹ bi àwọn tó ni ín." Á sì nawọ́ sí mi.