Kìlómítà Mélòó ni Lítà Kan?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí mi tó nígbà náà, ẹ wá ọkọ̀ tó ń ka máìlì, kí ẹ gbé e lọ sí ilé epo tó ń ta lítà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn yín sínú fọ́ọ̀mù tó ń béèrè kìlómítà. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà mí, ó sì kù díẹ̀ kí n ya wèrè.

Ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1980 ni. Igbó-Ọrà ni ìjọba gbé mi sí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa gbé igi pákí tuntun, irúgbìn ẹ̀gúsí àti oògùn kòkòrò lọ bá àwọn àgbẹ̀ lábúlé wọn, kí n sì fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n. Agíríkì ni gbogbo wọn ń pè mí. Ọkọ̀ jíìpù kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì wa ní, ó sì ti gbó. Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ti fẹ̀yìn tì. Okùn ni a fi ń de ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, bátìrì rẹ̀ kò sì lágbára mọ́, débi pé bí a bá fi lè pa ẹ́ńjìnnì, àfi ká wá ènìyàn mẹ́rin tí yóò tì í. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, tí ọ̀nà ẹ̀yìn Tápà di ẹrẹ̀, tí ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn rì sínú rẹ̀ dé ìdajì táyà, awakọ̀ wa á ti ọ̀pá gíà kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn síwájú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí pọ̀, a ó sì jáde. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn, mo sì kórìíra rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà nígbà mìíràn.

Nígbà tó yá ni lẹ́tà dé láti olú ilé-iṣẹ́ wa n'Ìbàdàn. Wọ́n ní epo ti ń wọ́n, àwọn jíìpù àtijọ́ sì ń mu ún bí ọ̀mùtí. Kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan wọn tirẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé lítà kan ń gbé ọkọ̀ náà rin kìlómítà mélòó. Èyí tí kò bá pé márùn-ún, kí wọ́n dá a padà s'Ìbàdàn, wọn á lù ú ní gbàǹjo. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló dùn mí jù: kò sí ọkọ̀ mìíràn láti fi rọ́pò. Bí jíìpù bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò máa gbé igi pákí dé ẹ̀yìn Tápà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà mí gbọ́.

Ìṣirò náà rọrùn lójú mi. A ó rọ epo kún táǹkì dẹ́nu, n ó kọ iye máìlì ojú aago sílẹ̀, a ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, a ó padà wá rọ ọ́ kún dẹ́nu, n ó wo iye lítà tó wọ inú rẹ̀, n ó sọ máìlì di kìlómítà, n ó sì pín in. Mo ra ìwé kékeré tuntun nítorí rẹ̀, mo fa ìlà sí i dáadáa. Mo ti rí ara mi bí onímọ̀ ìjìnlẹ̀.

Awakọ̀ wa tó bí mi lọ́mọ. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí, Bàbá ni mò ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ wa sì wọ̀ títí di ọjọ́ tí mo gbé ìwé yẹn wọnú ọkọ̀.

A kò tíì jáde nílùú tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá fi dúró. Obìnrin kan ń lọ Tápà, ó ru àpò gààrí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan àti ewúrẹ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, tíṣà kan tí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jò. A gbé tíṣà, a gbé kẹ̀kẹ́. Ní Ìbàràpá nígbà náà, ọkọ̀ tó bá ní àyè kì í kọjá ẹni tó ru ẹrù. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un bí oore. Wọ́n á kàn na ọwọ́ sókè ni, ọkọ̀ á sì dúró. Èmi fúnra mi ti jẹ àǹfààní rẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wọn epo, gbogbo ọwọ́ tó nà sókè ló dà bíi pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi gbá létí.

A dé abúlé. A kò lè pa ẹ́ńjìnnì, nítorí bátìrì. A kò sì lè ṣe kí a má kí àwọn àgbà. Baálẹ̀ béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n béèrè àlàáfíà ọ̀nà, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ ìyá mi tó ti san láti ọdún tó kọjá, jíìpù sì dúró lẹ́yìn mi, ó ń kùn, ó ń mu epo láì gbé ẹsẹ̀ kan. Mò ń dáhùn pé, "A dúpẹ́, a dúpẹ́," nínú mi lọ́hùn-ún mò ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ padà, wọ́n to iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ fún wa. Ta ni yóò kọ iṣu lọ́wọ́ Baálẹ̀?

Kìlómítà mẹ́ta àti díẹ̀ ni lítà kan jáde sí.

"Bàbá, ẹ ò lè máa dúró fún gbogbo ayé," ni mo wí.

"Ọ̀gá, ẹ tọ́ka sí ẹni tí ẹ fẹ́ kí n kọjá nínú wọn."

Mo ṣí ìwé mi, mo kọ mẹ́ta àti díẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó jáde sí mọ́kànlá. Mo tún un pín lẹ́ẹ̀mẹta, mọ́kànlá náà ni. Kò sí irú jíìpù bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ọ̀gá, ẹ tètè fi ránṣẹ́, wọn á fi yín joyè." Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń ta epo rí ìfófòó lẹ́nu táǹkì, ló bá dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ ló sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí a bá dé ilé epo, èmi á di ẹ̀gbẹ́ kan jíìpù mú, Bàbá á di ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó máa mì í kí afẹ́fẹ́ lè jáde, àwọn ènìyàn á sì dúró máa wò wá. Àwọn kan bi mí bóyá nǹkan bọ́ sínú rẹ̀ ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, òjò rọ̀. A rì sẹ́rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ara wa jáde, epo sì ń lọ bí ìgbà tí wọ́n dà á sílẹ̀. Mẹ́rin àti díẹ̀. Mo wo díẹ̀ yẹn títí, kò kúkú di ọ̀kan. Mo ju bírò mọ́lẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ mo mú un.

Nígbà tó ku ọ̀la kí fọ́ọ̀mù lọ, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní kí a kó gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀: ọkọ́, àdá, páálí oògùn, táyà ìpààrọ̀ pàápàá. A fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn táyà títí wọ́n fi le. Mo wá sọ fún Bàbá pé a ó lọ dé oríta kan lẹ́yìn Tápà, a ó yí padà níbẹ̀, a kò sì ní dúró fún ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀gá, ọjà Tápà ni òní o."

"Fọ́ọ̀mù ń lọ lọ́la, Bàbá."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́sàn-án, kí èrò ọjà ti lọ tán."

"Bàbá, ẹ wa ọkọ̀."

Mo sọ ọ́ bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé. Bàbá wa ọkọ̀. Láti Igbó-Ọrà dé Tápà ni ọwọ́ ń nà sókè. Wọ́n á rí wa lókèèrè, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a ó sì kọjá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè ọkọ̀ sí wọn níkọ̀ọ̀kan, kó lè dà bíi pé à ń kí wọn. Mo ní kí wọ́n yé fọn ọ́n, pé ìtìjú náà ti pọ̀ tó.

A yí padà ní oríta. Bí a ṣe ń bọ̀ ni a rí Màmá ẹlẹ́gúsí níwájú. Abúlé wọn wọnú igbó díẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló jáde láti ibẹ̀ sójú ọ̀nà Tápà. Lọ́dún tí gbogbo àgbẹ̀ ń wo igi pákí mi bí igi ìdáná, Màmá yìí ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbìn ín síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Orúnkún ń dùn wọ́n. Kò sí ọjọ́ ọjà tí a bá wọn pàdé tí a kì í gbé wọn.

Wọ́n gbọ́ ohùn jíìpù lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tí kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀ lọ́nà yẹn. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti sọ igbá ẹ̀gúsí ńlá náà kalẹ̀, wọ́n ti mú òṣùká kúrò lórí, wọ́n ń fi nu ojú. Wọn ò tiẹ̀ na ọwọ́ sókè. Wọ́n kàn dúró dè wá ni.

"Ọ̀gá," ni Bàbá wí. Ẹsẹ̀ wọn ti wà lórí bíréèkì.

"Ẹ má dúró."

Iwájú ni mo kọjú sí. A kọjá.

Bàbá wo dígí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀, Ọ̀gá. Ta ni yóò bá wọn gbé e rù?"

Mi ò ro ibẹ̀ yẹn rárá. Igbá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ènìyàn kì í dá gbé e ka orí ara rẹ̀, áńbọ̀ńtórí ẹni tí orúnkún ń dùn. Mo ní èrò ọjà mìíràn á kọjá. Láti oríta yẹn wá, a kò tíì rí ẹyọ ẹnì kan lẹ́yìn wọn.

Mẹ́fà àti ààbọ̀ ló jáde sí. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo fi ìwé náà han Bàbá. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá," wọ́n sì lọ sílé.

Èsì dé láti Ìbàdàn. Wọ́n yìn wá. Wọ́n ní jíìpù náà yóò dúró lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wá ní níwọ̀n ìgbà tó ti lè fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́fà àti ààbọ̀, iye yẹn ni wọn yóò máa fi ṣírò epo wa lóṣooṣù láti ìsinsìnyí lọ.

Mo jókòó pẹ̀lú lẹ́tà yẹn lọ́wọ́. Epo jíìpù tó ṣófo, tí kò dúró kí ẹnikẹ́ni, ni wọ́n fún mi kí n fi wa jíìpù tó ń ru gbogbo Ìbàràpá. Kí oṣù tó dé ìdajì, epo á ti tán. Jíìpù á wà lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ á máa sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá kọ̀wé pé mẹ́rin àti díẹ̀ ni òótọ́, wọn á wá gbé e lọ. Bí mi ò bá kọ̀wé, kò ní rìn. Inú bí mi sí Ìbàdàn, inú bí mi sí fọ́ọ̀mù, inú bí mi sí Bàbá tó kí mi kú iṣẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tí inú ń bí mi sí.

Alùpùpù ni mo yá gùn dé abúlé Màmá níkẹyìn, pẹ̀lú ìdì igi pákí kan ṣoṣo tí mo dè sẹ́yìn rẹ̀. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n fún mi ní àpótí jókòó, wọ́n fún mi lómi. Mò ń ro bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn fúnra wọn dá a sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ ọjà yẹn, mo dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò sẹ́ni tó kọjá. Mo wá bu ìdajì ẹ̀gúsí sínú gèlè, mo gbé ìyẹn lọ síwájú, mo padà wá gbé ìyókù. Ìgbà tí n ó fi dé Tápà, ọjà ti tú." Kò sí ìbínú kankan lóhùn wọn. "Àwọn ará ibí ní Agíríkì ti ń gbéraga, pé ó gbé ọkọ̀ òfìfo kọjá àwọn lójú ọ̀nà. Mo bá wọn jà. Mo ní ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kún lọ́jọ́ náà. Bí ò bá kún, ẹ ò lè fi mí sílẹ̀." Wọ́n dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró, wọ́n wò mí. "Àbí kò kún?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, gbogbo ọ̀rọ̀ lítà àti kìlómítà, ó wà lẹ́nu mi.

"Ó kún, Màmá," ni mo wí.

Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe aládùúgbò wọn kan tó ń kọjá lọ, wọ́n ní kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, mo sì tún un sọ fún un.