Àwọn Fáìlì Tó Ń Ṣófo

Ọmọ Kaduna ni mí, iṣẹ́ kánẹ̀lì sì ni mo ń ṣe. Kánẹ̀lì ni apá kọ̀ǹpútà tí ojú kì í rí: òun ló wà láàárín ètò tí èèyàn ń lò àti irin inú ẹ̀rọ, òun ló sì ń gbé ohun tí a bá kọ lọ sórí dísìkì. Nígbà tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ungwan Dosa ra kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta tí wọ́n ń wọ́ bí ìgbín, èmi ni mo tún kánẹ̀lì wọn ṣe tí wọ́n fi ń yára. Mo fi ṣe fáàrí káàkiri.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Orúkọ fáìlì á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣí i, kò ní sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti Àlàájà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ ìwé, ìyá Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna bíi tèmi, tó máa ń pè mí ní ọmọ rẹ̀.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí yàrá mi ní Kabala Costain. Mo ń kọ̀wé lọ́wọ́, mo yọ wáyà iná rẹ̀ lójijì, mo tún tàn án. Kò sí fáìlì tó ṣófo, àfi ìlà kan tàbí méjì tí mi ò tíì séèfù ló ń lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí mi, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi lábùkù. Mo dá ẹ̀rọ náà padà, mo sì kọ lẹ́tà sí dókítà tó ni ilé ìwòsàn pé ẹ̀rọ kò ní àléébù, kí wọ́n wo ẹni tó ń lò ó. Wọ́n ní kí Àlàájà lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi pinnu bóyá yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn tó lọ, kò sí fáìlì tó ṣófo mọ́. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni kí n tó dá tèmi. Mo padà lọ jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń tẹ nǹkan bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́gáàdì yọ orí wọlé. “Za a canza wuta, ku yi saving!”

Iná ìjọba ti dé, ó fẹ́ yí i kúrò lórí jẹnẹrétọ̀, kí olúkúlùkù séèfù ohun tó ń kọ. Bó ṣe máa ń kìlọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni má baà ṣòfò. Àwọn akọ̀wé méjì yòókù dá a lóhùn pé àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò séèfù, wọ́n ń kọ̀wé wọn lọ. Èmi séèfù tèmi. Mẹ́gáàdì fa irin tí wọ́n fi ń yí iná, gbogbo ẹ̀rọ kú, a tún wọn tàn. Àwọn akọ̀wé kàn ráhùn, wọ́n tún ìlà méjì kọ. Fáìlì tèmi ṣófo.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kí ẹ̀rọ lè yára, mo ti kọ́ kánẹ̀lì láti máa sọ pé òun ti séèfù nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì dé orí dísìkì, bí ọmọ tó ní òun ti gbé omi wọlé tí garawa ṣì wà lẹ́nu kànga. Á ti pa ti àtijọ́ rẹ́, á fi orúkọ fáìlì tuntun rọ́pò, ohun inú rẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn dé orí dísìkì. Ẹni tó ń kọ̀wé lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, bí mo ṣe dán an wò nílé, kò pàdánù púpọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ séèfù ló ń pàdánù gbogbo rẹ̀. Nínú yàrá àkọsílẹ̀ yẹn, Àlàájà nìkan ló ń gbọ́ràn sí mẹ́gáàdì lẹ́nu, èmi fúnra mi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo tún kánẹ̀lì náà ṣe. Mo kọ lẹ́tà mìíràn sí dókítà pé ẹ̀bi mi ni. Ojú tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ní kí n lọ pe Àlàájà padà fúnra mi.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Mando. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo ti múra fún èébú, ṣùgbọ́n kò bú mi.

“Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe èmi?”

“Ó dá mi lójú, Màmá. Èmi ni.”

“Wallahi, mo ti gbà pé orí mi ló ń dàrú. Mo ti sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó má fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi mọ́, kí n má baà gbàgbé rẹ̀ síbì kan.”

Mi ò lè gbé ojú sókè. Mo gbọ́ tó ń wá fóònù rẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó gbé ọmọ náà wá.