Ìgbì Ńlá ní Ẹlẹ́kọ

Òórùn ẹja yíyan máa ń rán mi létí ọ̀sán Sátidé kan létí òkun Ẹlẹ́kọ.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta wọ ọkọ̀ bàbá Ṣadé, tó jẹ́ apẹja. Ṣadé nìkan ló mọ̀ ọ́n wà. Ìgbì ńlá kan dìde níwájú wa.

"Ẹ má yí i padà o!" ni Ṣadé kígbe.

Ẹ̀rù bà mí, mo yí i, ọkọ̀ sì dojú dé. A wọ́ dé orí iyanrìn, à ń tu omi iyọ̀ lẹ́nu, à ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló dojú ọkọ̀ mi dé?" ni bàbá rẹ̀ bèèrè.

"Èmi ni, Bàbá," ni Ṣadé dáhùn.

Mo dàgbà tán kó tó yé mi pé, ká ní ó dárúkọ mi ni, wọn kò ní jẹ́ kí n wọkọ̀ mọ́.

"Ẹ padà lọ," ni bàbá wí. Mo di àjẹ̀ mú, mo sì dojú kọ ìgbì.