Ilé Kan Tí Yèyé Mi Kò Kì

Òórùn ọ̀dà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí gbọ̀ngàn yẹn, òórùn ọ̀dà àti èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri nítorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbogbogbòò tí ẹ̀ka wa fẹ́ ṣe lórí àṣà Èkìtì. Físíìsì lèmi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Àṣà kì í ṣe iṣẹ́ mi. Àmọ́ díìnì wa, ọ̀gá ẹ̀ka náà, ti gbọ́ pé Yèyé mi ní Erio ń kọ alámọ̀, orin tí àwọn obìnrin wa fi ń ki ìdílé, ló bá rán mi sí i. Ọmọ Erio ni díìnì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ló dàgbà sí, tí kì í sì í wálé àfi bí ẹnìkan bá kú.

Inú Yèyé mi dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Òun nìkan ló kù nílùú tó mọ oríkì gbogbo ilé. Ó ní òun kò tíì ki ilé díìnì látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, pé òun fẹ́ kí ọmọ náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kí òun tó lọ. Bí a sì ṣe máa ń ṣe é nìyí: bó bá kan ilé rẹ, wàá dìde, o ò ní jókòó mọ́ títí yóò fi ki ẹni ìkẹyìn. Ẹni tó bá jókòó ṣáájú, bí ẹni pé ó da oríkì padà sí i lójú ni. Ẹni tó pe èrò jọ ni wọ́n sì máa ń fi kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà Erio tó bá Yèyé wá ń dìde níkọ̀ọ̀kan bó ti ń ki ilé wọn, ọ̀pá lọ́wọ́, omi lójú ẹlòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín. Díìnì rò pé ṣe ni wọ́n ń da gbọ̀ngàn rú. Ó wo aago, ó wo ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè láti sọ̀rọ̀, ló bá dìde, ó sì já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Yèyé mi.

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó! Àsìkò ti lọ. Ìyá, ẹ ṣeun."

Mo sáré bá a. "Sà, ilé yín ló kù."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé físíìsì nìyẹn?" Àwọn tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín.

Yèyé mi kò wò ó. Àwọn àgbà ló kọjú sí. "Ẹ mọ́ jókòó o. Ulé kan ló kù."

Wọn ò jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ̀ fún àgbà, wọ́n dúró gbagidi níwájú rẹ̀, títí díìnì fi ní kí àwọn sìkọ́ríti kó wọn síta. Mo rí ọwọ́ tí wọ́n fi di aṣọ Yèyé mi mú lápá. Níta, gbólóhùn kan ló sọ fún mi: "Mú mi rulé."

Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti là á yé díìnì, ó rán mi sí Yèyé pé kó jọ̀ọ́ wá ki ilé òun. Yèyé kọ̀ jálẹ̀. Nígbà òjò tó tẹ̀lé e, ó kú.

Díìnì wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó jókòó tì mí, ó rọra bi mí bóyá mo gba ohùn Yèyé sínú fóònù lọ́jọ́ yẹn. Mo ní mo gbà á. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó tẹ orí ba, ó ń gbọ́ bí Yèyé ti ń ki ilé kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó ku tiwọn, ó mí kanlẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ohùn tó jáde ni "Ẹ jókòó, ẹ jókòó!"

Ó ní ṣé kò kù mọ́.

"Ó parí síbẹ̀, sà."

Àwọn ará ilé ní kí n dárí jì í, pé ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń lọ. Mi ò tíì ṣe é. Yèyé mi fẹ́ fún un ní bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, díìnì ní àsìkò ti lọ. Ohùn ara rẹ̀ ló wá kù fún un, mo sì fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀ kó tó dé ibi mọ́tò.