Mọ́tò Tí Yóò Lè Dúró Lórí Yìnyín

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fojú fo àṣìṣe inú ìwé yìí. N kò kàwé jìnnà, ẹnu mi kì í sì í yá láwùjọ. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè kọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Bọ̀ọ̀dá Rótìmí, ọmọ ìjọ wa tó ń wa tírélà ní Dagenham Dock nílùú London, fi mọ́tò rẹ̀ wá gbé mi ní Mayesbrook, àdúgbò tí mò ń gbé. Mọ́tò la ń lọ rà ní Derbyshire, ilẹ̀ olókè kan lápá àríwá. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú ìyá arúgbó kan tó ń gbé lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ. Bí n kò bá dé láàárọ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbé e dìde. Nígbà òtútù tó kọjá, mọ́tò mi yọ̀ sẹ́yìn lórí òkè náà, ìyá sì wà lórí ibùsùn títí di ọ̀sán. Mo pinnu pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Títì tó lọ sí àríwá tẹ́jú. Kò sí kòtò, kò sì sí ẹni tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò pẹ̀lú búrẹ́dì lórí. Ilé epo la ti ra tíì, ó wọ́n bí ojú.

“Rọra máa mu ún, àbúrò,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Owó ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi lò ń mu yẹn.”

Nígbà tí a dé, òjò dídì ti bo pápá bí òwú tí wọ́n sá. Mọ́tò méjì ni àgbẹ̀ arúgbó kan ń tà níbẹ̀. Nínú méjèèjì, gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ọ̀kan jẹ́ jíìpù dúdú gàgàrà. Èkejì kéré, ó ní àwọ̀ ewé, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti họ.

“Jíìpù ni, ó parí!” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Bó o bá gbé e wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dìde kí ẹ.”

“Bọ̀ọ̀dá, òkè ni mo fẹ́ gùn.”

“Ẹ gbọ́ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀!”

Àgbẹ̀ náà bi wá léèrè ẹni tí yóò máa wà á. Mo ní èmi ni. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Jíìpù gun òkè bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ bíréèkì, ó ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ títí ó fi kọ lu òkìtì koríko. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ pa táyà rẹ̀: ó dán, ó sì le. Mo gbé kékeré náà gba ọ̀nà kan náà. Táyà ìgbà òtútù ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, rọ́bà wọn rọ̀, ilà wọn jìn. Mo tẹ bíréèkì, ó dúró.

“Èyí ni mo mú.”

“Táyà lásán! A lè ra òmíràn sí jíìpù.”

“Owó mi kò ká méjèèjì, Bọ̀ọ̀dá. Èyí ni.”

Ó ń kùn bó ṣe wọ mọ́tò tirẹ̀, mo sì wa kékeré náà tẹ̀lé e títí a fi padà dé Dagenham nírọ̀lẹ́. Màmá Àdúrà, olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, ti ń dúró de mọ́tò tuntun nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà nínú òtútù yẹn. Ó wọ́n omi àdúrà sí táyà, ó sì da ìyókù sí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fẹ́ sọ pé omi náà yóò di yìnyín, ìtìjú dí mi lẹ́nu. Mo ṣe àmín.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé, kí èèyàn tó yin mọ́tò tó lè gun òkè, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò dídì bo àdúgbò wa, yìnyín sì ti lẹ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Mo ṣí búùtù, mo rá gba ẹ̀yìn wọlé dé ibi ìwakọ̀, mo sì gun òkè lọ.

“O dé!” ni ìyá náà wí.

Mo gbé e dìde. N kò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tó dì náà fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì.