Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Èènì

Títí dòní, mo kórìíra ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé e dé láti Èkó ní ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, nígbà tí mo ń bá a ta ìrẹsì àti ṣúgà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí títì ní Àpòmù. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi pè é ní "wọn". Kò tọ́ sí i.

Tí mo bá ti tẹ iye ọjà, ẹ̀rọ náà á dún, àpótí owó á yọ síta, rìsíìtì á sì jáde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ohun tí kò bá ti sí lórí bébà, kò gbọdọ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù òun.

Kí ni kí n wá ṣe sí èènì? Ta ló ń ra kóńgò ìrẹsì kan ní Àpòmù tí kò ní dúró kí wọ́n bu díẹ̀ lé e? Àwọn obìnrin tó ń ti Ìkòyí ìtòsí wa wá á gba rìsíìtì, wọ́n á fi nu ọwọ́, wọ́n á tún na igbá. Bí mi ò bá bu ún, wọn ò ní padà wá mọ́. Mo ń bu ún fún wọn bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ka ọjà, ìrẹsì tó kù kéré sí iye tó wà lórí bébà. Ó wojú mi níṣojú àwọn oníbàárà, ó ní, "Ìyàwó, olè ni ẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wallahi, èènì ni. Ẹ bi àwọn tó ń rà."

"Èènì dà lórí bébà? Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Èmi, olè? Èmi tí mo ti ń tajà fún un láti ìgbà tí àkọ́bí mi ṣì wà lẹ́yìn mi? Mo yíjú sí àwọn obìnrin náà. Èyí tó ń gba èènì jù nínú wọn ń wo ilẹ̀. Àwọn yòókù ti ń gbé igbá wọn lọ.

Mo wọ mọ́tò lọ bá ọkọ mi nílé ní Ìkirè. Mo rò pé á gbèjà mi, torí ó mọ̀ pé mi ò mú nǹkan ẹlòmíì rí. Ó mú mi padà sí Àpòmù, ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n òun, kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ẹ má bínú, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn tí kò tíì gbà pé mo jalè wá gbà á.