Rọ́bà Tó Ṣẹ́kù Lórí Aṣọ Funfun

Títí di òní, bí mo bá ti gbóòórùn omi rédíétọ̀ tó ń hó, òórùn tó dà bíi ti ṣúgà tó jóná díẹ̀, ìsọ̀ ọ̀gá mi lójú ọ̀nà Sèmè ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọ ibẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì máa jẹ irin débi pé sípánà tí o bá gbàgbé síta lónìí, yóò ti máa dípẹtà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì níbẹ̀, èmi obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́fà. Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú gíá, màá ti lóyún. Mo tú gíá, mo tò ó padà, ikùn mi ò wú.

Ọ̀gá mi, àgbà Ègùn kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ní àṣà kan tí mi ò rí níbòmíràn. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ ṣe ìdánwò ìkẹyìn kó tó gba fírídọ̀mù, wọn yóò tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ohun tí ọmọṣẹ́ bá tú lára ẹ́ńjìnnì, orí aṣọ yẹn ni yóò kó o sí. Bó bá tò ó padà tán, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá tí wọ́n pè wá kò ní kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì o. Aṣọ ni wọ́n máa wò. Bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù lórí rẹ̀, ì báà ṣe nọ́ọ̀tì kékeré kan, ọmọṣẹ́ náà yóò fi ọdún kan kún ọdún rẹ̀. Òfin tó dáa ni, mi ò ní purọ́. Mo ti rí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já nítorí nọ́ọ̀tì kan tí ẹnì kan rọra kì sápò.

Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi dán mi wò jẹ́ ti ìyá kan tó ń kó àgbọn láti Ìwòrò lọ sí Sèmè. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ náà ti ń mu omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu, kò sì sẹ́ni tó rí ibi tó ń jò. Mẹ́káníìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ṣí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, omi ò yé gbẹ. Ọkọ̀ ń dá ìyá náà dúró sójú títì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń yíjú sí ẹlòmíràn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, ó ń wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí lọwọ́ mi, òun lẹsẹ̀ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó kú."

Mo tú ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, èyí tí àwa ń pè ní tírọ́tù. Mo ti ìka bọ inú rẹ̀, omi ló bá ìka mi jáde. Mo fi kan ahọ́n: iyọ̀. Ṣé o rí i, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló so mọ́ tírọ́tù yẹn. Ọ̀kan ń gbé omi gbígbóná wá láti ara ẹ́ńjìnnì, èkejì ń dá a padà. Mo ti kà á nínú ìwé àtijọ́ kan tí oníbàárà gbàgbé sínú ọkọ̀ pé nílẹ̀ àwọn tó ṣe é, yìnyín a máa dì sí ẹnu ẹ́ńjìnnì nígbà òtútù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi gbígbóná mú un gbóná. Àmọ́ omi kànga etí òkun ni awakọ̀ ìyá yìí ń bù sínú rédíétọ̀. Iyọ̀ ti jẹ ara tírọ́tù lu, ẹ́ńjìnnì wá ń fa omi mu, ó ń tu ú jáde bí èéfín funfun.

Mo yọ rọ́bà méjèèjì. Mo fi ọ̀kan so ibi tí omi ti ń wá mọ́ ibi tó ń padà sí, kó máa lọ tààrà láì ya ọ̀dọ̀ tírọ́tù mọ́. Mo dí ihò méjèèjì tó kù lára tírọ́tù kí afẹ́fẹ́ má gbabẹ̀ wọlé. Mo fọ rédíétọ̀, mo bu omi tó yẹ sí i. Nígbà tí mo ṣáná sí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín funfun ò sí mọ́. Odidi wákàtí kan ló fi ṣiṣẹ́, omi ò dín. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé aṣọ. Rọ́bà kan àti kílíìpù méjì ṣì wà láàárín rẹ̀.

"Vi ṣie," ọ̀gá mi pè mí ní ọmọ rẹ̀ lédè Ègùn, "dá a padà."

Mo ṣàlàyé, ó sì gbọ́ mi tán. Ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù dí ojú tó lu, kí n so rọ́bà padà, kí aṣọ lè mọ́. "Òyìnbó tó fi í síbẹ̀ kì í ṣe wèrè."

"Wọn kì í ṣe wèrè, sà. Òtútù ni wọ́n ń sá fún. Níbo ni òtútù wà ní Àgbádárìgì? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rín in. Mo mọ̀ pé gọ́ọ̀mù yẹn ò ní pẹ́ kó tó ṣí, bó bá sì ṣí, inú ẹ́ńjìnnì ló máa já sí. Ìyá mi ti rán aṣọ fírídọ̀mù mi, ìrẹsì ti wà lórí iná lẹ́yìn ìsọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo nílò láti so rọ́bà yẹn padà, kí n sì di ọ̀gá ara mi. Inú bí mi. Ṣé torí kí aṣọ lè mọ́ ni kí ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ṣe kú?

"Ọdún kan nìyẹn o," ọ̀gá mi wí.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì, sà. Mi ò ní dá a padà."

Ìyá alágbọn dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọkọ̀ mi ni. Bó ṣe wà yìí ni mo fẹ́ ẹ." Awakọ̀ rẹ̀ gbé e jáde. Wọ́n pín ìrẹsì náà jẹ, èmi ò fẹnu kàn án.

Mo lo ọdún yẹn pé pérépéré. Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò rán àgbààgbà sí ọ̀gá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni píkọ́ọ̀pù yẹn ń gba iwájú ìsọ̀ wa kọjá, tí àgbọn kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́, awakọ̀ a sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá mi a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n wá bá òun gbé àpótí irinṣẹ́ nídìí ọkọ̀ tirẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí. Mo yọjú wò ó. Rọ́bà kan ṣoṣo ló wà níbi tó yẹ kí méjì wà, kò sì ya ọ̀dọ̀ tírọ́tù rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Mo mọ bó ṣe ń de kílíìpù.

"Ọ̀gá, ìkejì dà?"

Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Lọ bá mi mú sípánà tẹ́ẹ̀nì wá."

Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n tún tẹ́ aṣọ. Mo tú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fún mi, mo tò ó padà, kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Àwọn ọ̀gá wo aṣọ, wọ́n ń mi orí. Kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́, mo kiwọ́ sápò, mo fa rọ́bà èṣí tí mo ti fi pamọ́ yọ, mo tẹ́ ẹ sí àárín aṣọ funfun yẹn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọdún kan mìíràn bó bá jẹ́ ohun tí ọ̀gá máa sọ nìyẹn. Ọ̀gá mi wo rọ́bà náà títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sẹ́yìn ìsọ̀.

"Ẹ gbé ìrẹsì wá," ló wí.

Mo ti ní ìsọ̀ tèmi báyìí, èmi náà sì ń tẹ́ aṣọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: iṣẹ́ wo ni eléyìí ń ṣe níbi tí o ti yọ ọ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti gba fírídọ̀mù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, aṣọ rẹ̀ ì báà mọ́ tónítóní, kò tíì kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí; mo gbà. Nídìí rọ́bà yẹn ni mo ti mọ̀ pé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fágbà, kó sì ṣì máa fi ojú ara rẹ̀ ríran. Bí ọ̀gá mi bá yà sọ́dọ̀ mi, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, tọkàntọkàn ni. Yóò gbójú sókè wo rọ́bà ọjọ́ yẹn, tí mo gbé kọ́ sórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà á wò ó. Mi ò dá a padà.